Ọ̀wọ́ ìwé ìtàn idán: ṣé dandan ni ká kà á láti apá kìíní?

Ọmọ Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. A ń kó ìwé jọ fún ẹgbẹ́ ìkàwé àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá ní Kubwa níbí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́tàdínlógún. Owó ọwọ́ wa kò tó nǹkan, ìwé tòkunbọ̀ là ń rà, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n sì máa ń wà lórí àtẹ: ẹ ó rí apá kẹta, ẹ ò ní rí apá kìíní. Márùn-ún tí mo ní kí olùtajà bá mi yà sọ́tọ̀ nìyí:

A Storm of Swords: Blood and Gold
The Magician's Nephew, tí wọ́n kọ 1 sí ẹ̀yìn rẹ̀
Guards! Guards!, tí ẹnì kan fi bírò kọ "Discworld 8" sí lára
Sunny and the Mysteries of Osisi
Igbó Olódùmarè

Èwo la lè fún ọmọ lójú ẹsẹ̀, èwo ló ní láti dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ọ̀sán ọ̀la ni mo fẹ́ padà lọ sanwó.

Bàbá Lugbe
Ọmọ Kubwa, kú ìnáwó. Nọ́ńbà ara ìwé kọ́ ni kó o kọ́kọ́ wò, ohun tó so ìwé kan mọ́ èkejì ni. Àlọ́ Ìjàpá kò ní apá kìíní. Wọ́n lè pa Ìjàpá lálẹ́ òní, kó tún lọ jí àsáró jẹ lálẹ́ ọ̀la, kò sí ọmọ tó máa bi ọ́ pé ìgbà wo ló jíǹde. Ọ̀wọ́ ìwé tó bá rí bẹ́ẹ̀, ibi tó wù ọ́ ni kó o gbà wọlé.

Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìtàn kan ṣoṣo ni, tí wọ́n kàn gé sí mẹ́ta kó má bàa wúwo jù lọ́wọ́. The Lord of the Rings tí J. R. R. Tolkien kọ, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìwé kan ni lọ́kàn òun. Àwọn òǹtẹ̀wé ló gbé e jáde ní ìdì mẹ́ta láàárín 1954 sí 1955. Ṣí apá kejì wò, orí eré ni wàá bá àwọn èèyàn inú rẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tó lọ ní ìparí apá kìíní, kò sì sẹ́ni tó máa jókòó ṣàlàyé fún ọ ẹni tó jẹ́ tàbí ohun tó gbé dání. Irú èyí kò ní ọ̀nà àbùjá.

Àárín méjèèjì ni wàhálà wà. Ìwé kọ̀ọ̀kan parí ìjà tirẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ń ti inú ọ̀kan ṣàn bọ́ sínú èkejì: ẹni tó kú, ẹni tó fẹ́ ta, ẹni tó wá di ọ̀dàlẹ̀. Apá kẹrin lè yé ọ dáadáa, ṣùgbọ́n bó o bá padà sí apá kejì, o ti mọ ọ̀dàlẹ̀ kó tó dalẹ̀. Harry Potter wà ní ìsọ̀rí yìí. Apá mẹ́ta àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró. Láti apá kẹrin lọ, ẹni tó bá fò ó, inú kòtò ló fò sí.

Nínú márùn-ún rẹ, gbogbo ìsọ̀rí ló pé síbẹ̀. Ẹ̀yin tó kù, ẹ bá a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ànkẹ́ Wuse
Ẹ̀gbọ́n Kubwa, ẹ fi Blood and Gold sílẹ̀ lórí àtẹ. Kì í tiẹ̀ ṣe apá kẹta ọ̀wọ́ A Song of Ice and Fire, ìdajì apá kẹta ni. A Storm of Swords nípọn débi pé nígbà tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ tẹ ẹ̀dà ẹlẹ́yìn rírọ̀, wọ́n là á sí méjì: Steel and Snow ni ìdajì àkọ́kọ́, Blood and Gold ni èkejì. Ti Amẹ́ríkà wà lódindi. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ti Amẹ́ríkà, tó tún rí Blood and Gold tó rò pé apá kẹrin ni, ó ti fẹ́ ra ìwé kan lẹ́ẹ̀méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe apá karùn-ún, A Dance with Dragons: Dreams and Dust ṣáájú, After the Feast tẹ̀ lé e. Lórí àtẹ tòkunbọ̀, ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà máa ń dàpọ̀ mọ́ra ni, kò sì sẹ́ni tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín.

Bó bá tiẹ̀ pé pérépéré, ọmọ ọdún mẹ́tàlá kọ́ ló ni ín. Ìfipábánilòpọ̀ wà nínú rẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń bá ara wọn lò pọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì lóǹkà. Àwòrán idà tó wà lẹ́yìn ìwé ló ń tan àwọn òbí.

Sàámú Jabi
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ànkẹ́. Fún àgbà tó bá fẹ́ kà á: apá kẹrin tó jáde ní 2005 àti ìkarùn-ún tó jáde ní 2011 kò tẹ̀ lé ara wọn bí ìtẹ̀gùn. George R. R. Martin pín àwọn ẹ̀dá ìtàn ni. Àwọn tó pọ̀ jù ní gúúsù lọ sínú ìkẹrin, àwọn ará àríwá àti ti òkè òkun lọ sínú ìkarùn-ún, àkókò kan náà sì ni ìwé méjèèjì ń sọ títí wọ́n fi pàdé nínú ìkarùn-ún. Àwọn kan ti to orí méjèèjì pọ̀, kí èèyàn máa ka orí kan níhìn-ín, orí kan lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́, kó má dán an wò. Apá kẹfà kò tíì jáde, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Màmá Gwarinpa
Ẹ gbé The Magician's Nephew, ìwé dáadáa ni. Àmọ́ ohunkóhun tó wù kí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má fún ọmọ kankan ṣáájú The Lion, the Witch and the Wardrobe. Méje ni ìwé Narnia, ọdọọdún ni C. S. Lewis ń gbé wọn jáde láti 1950 dé 1956. Lion ló kọ́kọ́ jáde. The Magician's Nephew ni ìkẹfà, ní 1955. Ìgbà tó di 1994 ni HarperCollins tún nọ́ńbà wọn tò gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ lé ọjọ́ nínú ayé Narnia, ni ìkẹfà bá di ìkíní. Nítorí náà ni ẹ fi lè rí ìwé méjì tó ń jẹ́ 1 lórí àtẹ kan ṣoṣo, ọ̀kan láti ẹ̀dà àtijọ́, ọ̀kan láti ti tuntun.

Ìdí rèé. Nínú Lion, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ Aslan, kìnnìún ńlá inú ìtàn náà, òǹkọ̀wé yíjú sí òǹkàwé, ó ní àwọn ọmọ náà kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà kò ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti ka The Magician's Nephew ti mọ̀ ọ́n dájú. Gbólóhùn yẹn ti di irọ́ létí rẹ̀. Ẹ tún wo fìtílà òpó tó ń tàn láàárín igbó yìnyín. Kò sẹ́ni tó sọ ẹni tó rì í síbẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ ni. The Magician's Nephew ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ta ló ń fọ́mọ nítumọ̀ àlọ́ kó tó pa àlọ́?

Ọmọ Ìlọrin
Màmá, ẹ má bínú o. Lewis fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọmọdékùnrin kan ní Amẹ́ríkà ní 1957, ó ní òun fara mọ́ ọn kí wọ́n kà á bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ lé ọjọ́. Ẹni tó bímọ ló ń sọmọ lórúkọ.

Màmá Gwarinpa
Ọmọ mi, ka lẹ́tà náà dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti ní bóyá ètò tí èèyàn fi kà á kò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan púpọ̀. Ó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú inú rere ni, kì í ṣe pé ó ń ṣòfin.

Ibi tí èmi àti ìwọ kò ti ní jà ni kí n kọ sílẹ̀ fún Ọmọ Kubwa. Prince Caspian, The Voyage of the Dawn Treader, The Silver Chair: ẹ má dà wọ́n rú, torí ọmọ burúkú tó yí padà nínú ìkejì ni wọ́n rán níṣẹ́ nínú ìkẹta. The Horse and His Boy, ibikíbi lẹ́yìn Lion, nítorí àsìkò tí àwọn ọmọ inú Lion ń jọba lọ́wọ́ ló ṣẹlẹ̀. The Last Battle gbẹ̀yìn. Kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn.

Ọmọ Ìlọrin
Mo gbà lórí Lion fún ẹni tó ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Fún àkàtúnkà, mi ò gbà.

Akọ̀wé Garki
Ó kan Guards! Guards!. Ẹni tó fi bírò kọ 8 sí i kò purọ́, ìkẹjọ ni lóòótọ́ nínú ìwé ìtàn mọ́kànlélógójì tí Terry Pratchett kọ nípa Discworld láàárín 1983 sí 2015. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Inú ayé náà, odò mẹ́rin márùn-ún ló ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti àwọn ọlọ́dẹ ìlú, ti àwọn àjẹ́, ti Ikú fúnra rẹ̀, ti oṣó ojo kan tó ń jẹ́ Rincewind, ti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tiffany. Guards! Guards! ti 1989 ni orísun odò àwọn ọlọ́dẹ. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Èyí tó tẹ̀ lé e nínú odò yẹn ni Men at Arms, lẹ́yìn náà Feet of Clay, lẹ́yìn náà Jingo.

Ibi tí èèyàn ti máa ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n wá nọ́ńbà 1 lọ. The Colour of Magic ni nọ́ńbà 1, ẹ̀fẹ̀ lásán ló fi í ṣe, ọwọ́ òǹkọ̀wé kò tíì gbó nígbà yẹn, ó sì parí lójijì bí ẹni pé wọ́n fa ìwé ya: akọni rẹ̀ já bọ́ létí ayé. Inú The Light Fantastic ti 1986 lẹ ti máa mọ ibi tó balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ló pa á tì, tí wọ́n sì rò pé bí ogójì yòókù ṣe rí nìyẹn.

Òdìkejì rẹ̀ ni Night Watch ti 2002, tí àwọn èèyàn máa ń pè ní ọ̀kan lára èyí tó dára jù, tí olùtajà sì lè fà lé yín lọ́wọ́ nítorí ìyẹn. Ìkẹfà ni nínú odò àwọn ọlọ́dẹ. Wọ́n gbé olú ẹ̀dá ìtàn padà sí ìlú rẹ̀ nígbà èwe, ó ń pàdé àwọn tó mọ̀ lágbà, ó sì mọ èwo ni yóò kú nínú wọn. Ẹni tí kò tíì mọ ìlú yẹn lágbà kò lè mọ̀ ọ́n léwe kó dùn ún.

Fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá gan-an, The Wee Free Men ti 2003 ni kí ẹ wá, orísun odò Tiffany. Ìwé márùn-ún ni odò yẹn, ètò rẹ̀ sì ṣe pàtàkì, nítorí ọmọ náà ń dàgbà láti ìwé kan sí èkejì. Ohun kan tún: ìwé Discworld tó pọ̀ jù kò ní orí kìíní, orí kejì. Ti Tiffany ní. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé kó parí orí kan kó lọ sùn, Guards! Guards! á fi í ṣe àìsùn.

Ẹ̀gbọ́n Nyanya
Sunny and the Mysteries of Osisi: apá kejì ni, kí ẹ gbé e, àmọ́ kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Apá kìíní ni What Sunny Saw in the Flames. Nnedi Okorafor ló kọ ọ́. Cassava Republic, ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n dá sílẹ̀ níhìn-ín ní Abuja ní 2006, ló gbé ẹ̀dà yẹn jáde. Apá kìíní ló kọ́ òǹkàwé ní òfin ayé náà: ta ni ọmọ ẹkùn, kí ni ojú ẹ̀mí, báwo ni owó ṣe ń já bọ́ látòkè fún ẹni tó bá kọ́ ohun tuntun. Apá kejì kò tún ìyẹn kọ́, ó sì ti sọ ẹni tó borí nínú ìjà tó parí apá kìíní.

Oníwèé Kaduna
Kí ẹ tó dé orí àtẹ lọ́la, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ó ṣe yẹ ìwé wò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, láìsí dátà.

Ojú ewé tó dojú kọ àkọlé tàbí tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń to àwọn ìwé mìíràn tí òǹkọ̀wé kọ sí. Bí wọ́n bá tò wọ́n sábẹ́ orúkọ ọ̀wọ́ kan, ìwé tó wà lókè pátápátá ló sábà máa ń jẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ má fojú tán nọ́ńbà egungun ẹ̀yìn ìwé, ẹ ti gbọ́ ti Narnia.

Lẹ́yìn àkọlé ni ojú ewé ọdún ìtẹ̀jáde. Ọdún tó kéré jù níbẹ̀ ni ọdún tí ìwé kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ìwé méjì tí àkọlé wọn yàtọ̀ tí òǹkọ̀wé àti ọdún bára mu, ẹ fura. Northern Lights àti The Golden Compass, ìwé kan náà ni, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà. Philosopher's Stone àti Sorcerer's Stone nínú Harry Potter náà, ìkan náà ni. Ẹ fi gbólóhùn àkọ́kọ́ orí kìíní wéra, ọ̀rọ̀ á tán.

Ẹ̀yìn ìwé: bí ẹ bá rí sequel tàbí conclusion níbẹ̀, nǹkan wà tó ṣáájú. Bí wọ́n bá to orúkọ ènìyàn mẹ́fà láìṣàlàyé ẹnì kan, ó wà tó ṣáájú. Àkọsílẹ̀ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn tó bá wà níwájú orí kìíní, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi rọ́pò apá kìíní; gbogbo àṣírí ló tú síbẹ̀ láàárín ojú ewé méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ewé. Ìdì ìdì ni wọ́n ń rán ìwé, ojú ewé 16 tàbí 32 nínú ìdì kan. Ìwé tó bá sọ ìdì kan nù kì í dín ewé kan, ó máa fò láti 192 bọ́ sí 225. Ẹni tó bá ń ka irú rẹ̀ máa rò pé òun ló fo apá kan. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ dà kọ náà máa ń ní ewé tó dojú dé. Ẹ wo ẹ̀yìn pátápátá: ojú ewé bí ogún tó gbẹ̀yìn lè jẹ́ ìtọ́wò ìwé tó kàn. Bí ìyẹn bá ya, ìtàn pé. Bí ewé kan ṣoṣo bá ya ṣáájú rẹ̀, ìparí ti lọ.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ISFDB, ìkànnì tó ń to ìwé ìtàn idán àti irú wọn sílẹ̀, ni kí ẹ lọ fún ọdún ìtẹ̀jáde àti orúkọ kejì tí ìwé ń jẹ́. Goodreads, ìkànnì àwọn òǹkàwé, máa ń kọ nọ́ńbà bíi 0.5 tàbí 2.5. Ìtàn kúkurú ni ìyẹn sábà máa ń jẹ́. Ọ̀wọ́ tirẹ̀ máa ń dúró láìsí i.

Sàámú Jabi
Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé: bó bá rú ọ lójú, tẹ̀ lé ètò tí wọ́n fi gbé e jáde. Òǹkọ̀wé ń ronú nípa ohun tí òǹkàwé ti mọ̀ títí dé ọjọ́ yẹn. Ìwé tó bá kọ lẹ́yìn nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ níṣàájú, bí New Spring ti Robert Jordan ní 2004, ẹni tó ti mọ àwọn akọni rẹ̀ ló kọ ọ́ fún. The Eye of the World ti 1990 ni ẹnu ọ̀nà ọ̀wọ́ rẹ̀, The Wheel of Time.

Ó kù síbi tí ìlànà yẹn ti máa tàn yín jẹ: ìwé tí wọ́n túmọ̀. Andrzej Sapkowski ti Poland kọ ìtàn Witcher. Ní Gẹ̀ẹ́sì, The Last Wish jáde ní 2007, Blood of Elves ní 2008, wọ́n wá gbé Sword of Destiny jáde ní 2015. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ọdún Gẹ̀ẹ́sì máa bá ọdẹ àti ọmọbìnrin kan nínú Blood of Elves bíi bàbá àtọmọ, kò ní mọ bí wọ́n ṣe pàdé, torí inú Sword of Destiny ni wọ́n ti pàdé. The Last Wish, Sword of Destiny, lẹ́yìn náà Blood of Elves. Fún àgbà nìyẹn náà o, kì í ṣe fún ẹgbẹ́ Kubwa.

Brandon Sanderson ni ẹ̀yin tó bá ní ọ̀dọ́ ọdún mẹ́rìndínlógún lè wò. Mistborn mẹ́ta àkọ́kọ́, 2006 sí 2008, ẹ kà á léraléra. Ó wá kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tó ń jẹ́ Secret History, tó sọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn aṣọ títa nígbà ìtàn mẹ́ta yẹn. Bí ọmọ bá kọ́kọ́ rí i nítorí pé ó kéré, gbogbo ìyanu apá mẹ́ta ló ti ṣòfò. Ẹ fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí títí wọn yóò fi ka The Bands of Mourning, ìwé kẹfà Mistborn, tán.

Àdùkẹ́ Bida
Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ti gbàgbé Igbó Olódùmarè.

Márùn-ún ni ìwé ìtàn Fágúnwà: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Kò kọ òmíràn mọ́ kí odò tó gbé e lọ ní Wuya, lẹ́bàá Bida níbí, ní 1963. Ìrèké Oníbùdó àti Àdììtú Olódùmarè dá dúró gedegbe, ẹ lè fún ọmọ ní èyíkéyìí lónìí. Àwọn ìwé onígbó mẹ́ta yòókù ló jẹ́ ẹbí.

Nínú Ògbójú Ọdẹ, Àkàrà-oògùn wá bá òǹkọ̀wé, ó ń sọ ìrìnàjò ara rẹ̀ fún un. Igbó Olódùmarè jẹ́ ìtàn bàbá rẹ̀, Olówó-Ayé. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Narnia ló tún dé ilé wa: ìwé ọmọ fi ọdún mọ́kànlá ṣáájú ìwé bàbá. Tèmi ni pé ìwé ọmọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Ẹni tó mú ìtàn bàbá wá, ojúlùmọ̀ ni Fágúnwà fi ṣe fún òǹkàwé, kò tún bẹ̀rẹ̀ sí í júwe rẹ̀. Ìrìnkèrindò ni kó gbẹ̀yìn, òun ló lọ sí Òkè Ìrònú.

Bàbá Lugbe
Àdùkẹ́, o káre, àmọ́ mi ò gbà pé kí wọ́n fi Igbó Olódùmarè sílẹ̀ lórí àtẹ títí wọn yóò fi rí Ògbójú Ọdẹ. Ìrìnàjò Olówó-Ayé pé fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá kà á lè má mọ Àkàrà-oògùn, ṣùgbọ́n ìjà Olówó-Ayé pẹ̀lú Èṣù-kékeré-òde kò béèrè pé kó mọ̀ ọ́n. Kò sí àṣírí kankan tó tú.

Ohun tó máa dá àwọn ọmọ Abuja dúró kì í ṣe ètò, àkọtọ́ ni. Ẹ̀dà àtijọ́ kọ aiye, ẹiyẹ, enia, níbi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti mọ ayé, ẹyẹ, ènìyàn, nítorí àtúnṣe àkọtọ́ tó wáyé ní 1974. Àmì ohùn kò sì tó. Kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ka ojú ewé méjì àkọ́kọ́ sókè fún wọn, kí wọ́n máa fi ìka tẹ̀ lé e. Gbólóhùn Fágúnwà gùn, etí ló ń mú un, kì í ṣe ojú. Èyí tó bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì wé e, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ ní 1968, ó pè é ní The Forest of a Thousand Daemons, ó sì túmọ̀ Igbó Olódùmarè ní 2010. Kí wọ́n má rò pé ìwé mìíràn ni.

Àdùkẹ́ Bida
Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fà sẹ́yìn lórí Igbó Olódùmarè. Kí wọ́n gbé e.

Tíṣà Zaria
Ẹgbẹ́ Kubwa, ọmọ yín tó gbọ́ Hausa, ẹ má fi Magana Jari Ce ti Abubakar Imam dù ú. Ìdìpọ̀ mẹ́ta ni. Ẹyẹ ayékòótọ́ kan ló ń pa ìtàn fún ọmọ ọba kó má bàa lọ sójú ogun. Ìtàn kọ̀ọ̀kan dá dúró bí àlọ́, ọmọ lè ka èyí tó bá ṣí. Àmọ́ ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Kano, tí wọ́n kọ 1, 2, 3 sí, òdìkejì ni. Ìtàn kan ni wọ́n pín, àárín ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ti ń gé e. Ẹ má ra 2 láìsí 1.

Ohun tí kò sẹ́ni tó tíì sọ ni ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá, ẹ̀dà kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹnì kan. Ọmọ kẹwàá kò ní fọwọ́ kan apá kìíní títí ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún fi kọjá. Bí ọmọ kẹta bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kà á, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló fi méjì dúró sí i, àwọn tó wà níwájú á sì ti máa fọ́nnu nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú apá kejì. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń tú. Nítorí náà, ọ̀wọ́ tó ní láti tẹ̀ léra, kí ẹ ní ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta ti apá kìíní kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí apá kẹta. Owó tó kù, ẹ fi ra èyí tó dá dúró, tí ọmọ mẹ́wàá lè mú mẹ́wàá lọ sílé lọ́jọ́ kan náà.

Kí ọmọ tó bá parí apá kan kọ ìlà márùn-ún sórí pépà kó fi sínú rẹ̀: ta ló kù láàyè, ta ló wà níbo, kí ni wọ́n ń wá. Oṣù méjì lè kọjá kó tó rí apá tó kàn. Kí ó mú pépà náà lọ́wọ́ o, kó má fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọmọ Kubwa
Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o. Bí mo ṣe gbọ́ ọ rèé: Blood and Gold dúró sọ́jà. Guards! Guards! àti Igbó Olódùmarè, lójú ẹsẹ̀. The Magician's Nephew àti ti Sunny, sínú àpótí títí a ó fi rí èyí tó ṣáájú. Olùtajà wá sọ pé òun ní Akata Witch àti Akata Warrior nílé, ti òǹkọ̀wé kan náà. Ṣé apá kẹta àti ìkẹrin nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n Nyanya
Rárá o! Orúkọ Amẹ́ríkà ni. Akata Witch ti 2011 ni What Sunny Saw in the Flames. Akata Warrior ti 2017 ni Sunny and the Mysteries of Osisi tó o ti yà sọ́tọ̀. Ra Akata Witch, fi Akata Warrior sílẹ̀, apá kìíní àti ìkejì ti pé sí ọ lọ́wọ́ nìyẹn. Apá kẹta ni Akata Woman, 2022.

Oníwèé Kaduna
Kí o sì fi ìka ka ewé Akata Witch kó o tó sanwó.